Ta ni kí abúlé bá da ọwọ́ pọ̀? Ìfiwéra àwọn tó ń ran ìlú kékeré àti àṣà wọn lọ́wọ́ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ìbéèrè tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú máa ń bi ara wọn jù, láti Ọ̀fà títí wọ Èkìtì ti Kwara, ni pé: "NGO wo ló ń fúnni lówó báyìí?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó lé lórí ni pé, nígbà tí owó náà bá tán, tí àwọn tó gbé e wá bá ti padà sí Àbújá, ọwọ́ ta ni ohun tí wọ́n fi ṣe yóò kù sí? Ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì? Tó bá sì jẹ́ ohùn àgbà ni wọ́n gbà sílẹ̀, inú fóònù ta ló wà?

Ìbéèrè yẹn ni mo fi wo gbogbo àwọn tí mo fẹ́ fi wéra níbí: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, NGO (àjọ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba), ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ètò ìjọba, yunifásítì, àti àwọn àjọ ńlá òkè òkun. Wọn kò dọ́gba, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé wọ́n dọ́gba.

Ìṣẹ́ lọ́tọ̀, àṣà lọ́tọ̀

Ẹ jẹ́ ká ti Òkèlélé ní Ìlọrin bẹ̀rẹ̀, ní ẹbu Dàda, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. Ìyá kan á da ìkòkò àtijọ́ dé, á tẹ́ amọ̀ tí wọ́n ti gún kúnná lé ìdí rẹ̀, á máa gbá a pẹ́pẹ́pẹ́ títí yóò fi fẹ̀ dé ibi tó fẹ́ ẹ dé. Tó bá ti le díẹ̀, á yọ ọ́ kúrò, á yí i padà, á wá máa fi amọ̀ tó fi ọwọ́ yí gbọọrọ mọ ọrùn rẹ̀ sókè. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yí ìkòkò fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ yí ìkòkò po, ìdí á wà lókè, orí á wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sun ún, wọn kì í kó o sínú ààrò. Orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń tò ó jọ sí, wọ́n á fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á ṣáná sí i. Bí ó ti ń pọ́n yòò lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń fi igi gígùn fà á jáde, tí wọ́n ń da omi tí wọ́n fi èèpo irúgbá sè sí i lára, kó lè dúdú kó sì má jò.

Bí ẹ bá bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tó ń dùn ún, kò ní wí pé àṣà ń kú lọ. Á ní igi ìdáná ti wọ́n. Á ní òjò ba ìkòkò tí kò tíì gbẹ jẹ́ nítorí kò sí òrùlé. Á ní ike àti ìkòkò irin ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn, àwọn tó ń se àgbo nìkan ló ṣì dúró tì àwọn. Ó ṣeé ṣe kó fi kún un pé ọmọ òun obìnrin ti lọ kọ́ iṣẹ́ irun.

Nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ yẹn, òrùlé, igi àti ọjà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́. Ọmọ tó lọ kọ́ irun ni ọ̀rọ̀ àṣà. NGO tó bá wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì lórí "pàtàkì àjogúnbá wa", tí wọ́n pín fìlà, tí wọ́n sì jẹ ìrẹsì, kò dín owó igi kù rárá. Èyí tó bá sì gbé máṣíìnì ìránṣọ fún ìyá náà ti mú ìṣẹ́ fúyẹ́ lóòótọ́, ó sì ti gba amọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti rí ìwé ìtọrọ-ìrànwọ́ tó pọ̀ tó fi méjèèjì sínú gbólóhùn kan, bí ẹni pé tí ẹ bá ti gbé àṣà lárugẹ, oúnjẹ á dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó jáde wá olùrànlọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ẹni méjì ni ẹ nílò, kí ọ̀kan bójú tó òrùlé, kí ìkejì bójú tó bí ọmọ á ṣe padà sídìí amọ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àbí NGO láti ìta?

Ní gúúsù Kwara, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti wà kí a tó gbọ́ orúkọ NGO. Ẹ gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, kí ẹ máa béèrè ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, ẹni tó kọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹni tó dá owó tàǹsífọ́mà. Ó ṣòro kí ẹ má gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Àwọn èèyàn wa ti ń ṣòwò káàkiri tipẹ́, ní Èkó, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, kódà ní Gánà, títí ìjọba Gánà fi lé àwọn àjèjì ní 1969. Ibi yòówù kí wọ́n wà, wọ́n máa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á dáwó, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé. Lórí àwọn ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan náà tún ni irú Ọmọ Ìbílẹ̀ Ìgbómìnà wà, tó kó ìlú púpọ̀ pọ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi ju ẹnikẹ́ni lọ ni pé kì í kó ẹrù rẹ̀ lọ. Tí bọ̀hóòlù bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ẹ mọ ilé alága, ẹ sì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹ lè rán sí i. Wọ́n mọ ìdílé tí orò wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mọ ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, wọn kì í béèrè ìwé ìtọrọ olójú ewé ogójì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kì í fojú ẹni tó wà nílé wo ìlú. Ohun tó máa ń wù ú ni ohun tó ṣeé fi hàn lọ́jọ́ ìlú: ààfin tuntun, gbọ̀ngàn tí orúkọ àwọn tó dáwó wà lára ògiri rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìlú tí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" sí. Ìyá tó ń ṣe àdín, bàbá tó ń gbẹ́ opọ́n, àwọn onílù, kì í sí àga fún wọn níbi tábìlì ńlá. Wọ́n á pè wọ́n wá ṣeré lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á ná wọn ní owó lójú agbo, ó parí. Tí ìjà oyè bá tún wọ̀ ọ́, tàbí tí olóṣèlú kan bá gba ipò alága, ẹgbẹ́ á pín sí méjì, àkáǹtì á dì. Mo mọ ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, tí owó tí wọ́n kó jọ fún ilé ìtọ́jú aláìsàn ṣì wà ní báńkì títí dòní, nítorí pé àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìfọwọ́sí kò kí ara wọn mọ́.

NGO tó dáa máa ń mú ohun mẹ́ta tí ẹgbẹ́ ìlú kì í sábà ní wá. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìṣírò tó mọ́. Èkejì ni ọ̀nà ọjà: ẹni tó lè gbé aṣọ òfì tàbí ìkòkò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà á ní iye tó tọ́. Ẹ̀kẹta ni pé àjèjì ni: kò sí nínú ìjà oyè yín. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni àkókò. Owó ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ọdún kan sí mẹ́ta, ẹni tó fún wọn lówó sì ń dúró de ìròyìn. Iye èèyàn tó jókòó síbi ìpàdé rọrùn láti kà ju iye ọmọ tó mọ ìkòkò mọ lọ, nítorí náà ìpàdé ni wọ́n máa ń ṣe jù.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba inú igbó Ifẹ́lódùn àti Èkìtì kan, àwọn òṣìṣẹ́ NGO tó ń ti Ìlọrin wá kì í fẹ́ kọjá títì ọ̀dà mọ́, bẹ́ẹ̀ abúlé tó jìnnà sí títì ni ìṣẹ́ pọ̀ sí jù. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n tí abúlé yín bá wà nínú igbó, tí NGO sì ní òun á máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bi í léèrè ọkọ̀ tí yóò máa gbé e wá àti aago tí yóò máa padà. Èsì tó bá fún yín á sọ bóyá ó ti ronú sí i.

Bí ẹ ṣe lè yẹ NGO wò kò le. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè máa ń forúkọ sílẹ̀ ní orúkọ àwọn alágbàtọ́ rẹ̀, ẹ sì lè wá orúkọ náà lórí ìkànnì CAC láìsan kọ́bọ̀. Ẹ béèrè ìwé SCUML pẹ̀lú, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó jìbìtì mọ́, tó wà lábẹ́ EFCC, nítorí báńkì máa ń béèrè rẹ̀ kó tó ṣí àkáǹtì fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. NGO tó bá ní kí ẹ san "owó fọ́ọ̀mù" kí òun tó lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò mọ́.

Èrò tèmi: ohun tó bá ní òrùlé, ẹ̀rọ tàbí ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àmọ́ kí àwọn tó ń gbé ilé pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ju àwọn ti Èkó lọ. Ohun tó bá jẹ́ ìmọ̀ ọjà àti ìṣirò, ẹ wá NGO fún un, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí yóò lọ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bùn àbí alájẹṣẹ́kù?

Níbí, n kò ṣiyèméjì rárá: fún oníṣẹ́ ọwọ́, alájẹṣẹ́kù ló ṣáájú.

Ẹ wo àwọn ahunṣọ Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí òfì kì í ra òwú fúnra wọn. Oníṣòwò á kó òwú fún wọn ní àwìn, òun náà á gba aṣọ ní iye tó wù ú. Ẹ fún ahunṣọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn owó lónìí, gbèsè ni yóò kọ́kọ́ san. Nígbà tí owó náà bá tán, á tún padà sọ́dọ̀ oníṣòwò. Ohun tó lè gé okùn yẹn ni kí àwọn ahunṣọ jọ ra òwú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn, kí wọ́n sì máa dá owó rẹ̀ padà bí aṣọ bá ti tà.

Kò ṣàjèjì sí wa. Èsúsú wà, àáró wà, ọ̀wẹ̀ wà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èsúsú máa ń tú ká nígbà tí ọwọ́ bá yí gbogbo wọn ká, alájẹṣẹ́kù a máa dúró, ó sì lè ní àkáǹtì, ilẹ̀ àti ẹjọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Nàìjíríà béèrè èèyàn mẹ́wàá ó kéré tán, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó alájẹṣẹ́kù ni ẹ ó sì ti forúkọ sílẹ̀. Ohùn kan ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ì báà jẹ́ ẹni tó fi owó tó pọ̀ jù sílẹ̀. Èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí olówó ìlú fẹ́ràn rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni akápò. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń di owó mú, tó sì tún ń kọ ìwé, ẹ ti ń kó ara yín sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka ìwé ìṣirò sókè ní ìpàdé oṣooṣù, ní Yorùbá, kí ẹni tí kò mọ̀ọ́kà lè gbọ́ iye tí òun ní.

Ẹ̀bùn ní ààyè tirẹ̀ náà. Òrùlé ẹbu, ẹ̀rọ omi, ọ̀nà: kò sí alájẹṣẹ́kù èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lè fi owó èlé kọ́ wọn. Ẹ máa tọrọ ẹ̀bùn fún ohun tí gbogbo èèyàn ń lò, kí owó tí yóò máa yí wà lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù.

Ètò ìjọba: ẹ má fojú kéré ìdá mẹ́wàá

Láti 2009, Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe ètò ìdàgbàsókè ìlú kan tí wọ́n ń pè ní CSDP, Kwara sì wà nínú rẹ̀. Bó ṣe máa ń lọ nígbà náà nìyí: ìlú á jókòó, wọ́n á kọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n á yan ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n á ṣí àkáǹtì, wọ́n á sì dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ìdá mẹ́wàá yẹn kò ní láti jẹ́ owó nìkan. Yanrìn, òkúta àti iṣẹ́ ọwọ́ náà wọlé. Lẹ́yìn kòrónà, láti 2021, ètò NG-CARES ló gba irú iṣẹ́ yìí ṣe, òun ni wọ́n ń pè ní KWCARES ní ọ̀dọ̀ wa.

Mo fẹ́ràn ìdá mẹ́wàá yẹn ju ohunkóhun mìíràn nínú ètò náà lọ. Ìlú tó bá gbé yanrìn fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí fèrèsé kíláàsì náà lọ. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má mú ọgbọ́n yẹn lọ bá NGO: ẹ ní ẹ fẹ́ dá tiyín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun tí ètò ìjọba kì í ṣe ni àṣà. Kíláàsì, ilé ìtọ́jú aláìsàn, omi àti afárá ni wọ́n mọ̀. Kò burú; ẹni tó ń rin ìrìn jíjìn lọ pọnmi kò ní ráyè kọ́ ọmọ ní ìyẹ̀rẹ̀. Owó Arúgbó tí ìjọba Kwara ń san fún àwọn àgbà tí kò ní olùrànlọ́wọ́ náà, wọn kò dá a sílẹ̀ nítorí àṣà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn tó yẹ kó gbà á ni àwọn tó mọ oríkì ìdílé jù wà. Ẹgbẹ́ ìlú tó bá fẹ́ ṣe oore ọ̀fẹ́ kan lọ́dún yìí, kó lọ wo bóyá orúkọ àwọn onílù àgbà àti àwọn ìyá onírárà wà nínú ìwé náà.

Ta ni kó gba ohùn àgbà sílẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù, nítorí pé owó tó wà níbẹ̀ kò hàn sójú. Ẹni kan á dé pẹ̀lú kámẹ́rà, á ní òun fẹ́ "tọ́jú àṣà". Àgbà á kọrin, á pe ògèdè, á sọ ìtàn bí ìlú ṣe tẹ̀dó. Onítọ̀hún á fún un ní owó ọtí, á lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọmọ ìlú á rí ohùn bàbá rẹ̀ nínú fídíò tí ẹlòmíràn ń pawó lé lórí.

Àwọn tí ẹ lè fi wéra níbí mẹ́ta ni.

Yunifásítì ni àkọ́kọ́. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti 1975, Kwara State University ní Màlété dé ní 2009, ó sì ní ibùdó tó ń rí sí ìwé àfọwọ́kọ àti àṣà Ìlọrin. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé ilé àwọn àfáà ní Ìlọrin kún fún ìwé àfọwọ́kọ lédè Lárúbáwá, àti ti Yorùbá tí wọ́n fi hárúfù Lárúbáwá kọ. Ikán ń jẹ wọ́n, òjò ń rin wọ́n, tí àfáà bá sì kú, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ pín wọn bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù. Àǹfààní yunifásítì ni pé ó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé, ó sì ń gbé nítòsí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wá gba ohùn sílẹ̀ fún oyè rẹ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, kó gboyè, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ bá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má fi mọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Ìkejì ni àwọn ètò àkójọpọ̀ òkè òkun, bí Endangered Archives Programme ti British Library, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Wọ́n ń san owó láti ya àwòrán ìwé àtijọ́, fọ́tò àti ohùn tó fẹ́ parun. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú òfin wọn ni pé ojúlówó ìwé kì í kúrò ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bá a. Àwòrán rẹ̀ nìkan ló ń lọ, ẹ̀dà kan sì máa ń kù sílé. Fún ìwé àfáà, n kò rí èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ya, gbogbo ayé ni yóò rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà kò bá ohun awo mu. Abúlé kò sì lè dá kọ ìwé ìtọrọ wọn. Ẹ máa nílò ọ̀mọ̀wé kan tó mọ ọ̀nà.

Ìkẹta ni oníkámẹ́rà àdáni, ì báà ṣe oníròyìn tàbí ọmọ ìlú tó ní ojú ewé lórí Facebook. Ó yá jù, ó sì rọrùn jù. Fún ìjàkadì Ọ̀fà, fún eégún tó jáde sí gbangba, fún dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, níbi ìnáwó, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀nà tí ohùn Odolaye Aremu, olórin dàdàkúàdà, gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà ayé rẹ̀ ni pé àwọn oníṣòwò tẹ ohùn rẹ̀ sórí àwo. Yunifásítì kọ́ ló ṣe é.

Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ni orò, kí ẹ pín in sí ọ̀nà méjì: èyí tí gbogbo ojú lè rí, àti èyí tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú igbó. Kí àwọn tó ni ín ló pín in, kì í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ní ìwé àdéhùn. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo iṣẹ́ ìbílẹ̀ bí orin, àlọ́ àti iṣẹ́ ọnà ìlú lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò lẹ́yìn òde àṣà tó ni ín. Ó ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún oníkámẹ́rà kó tó tan iná rẹ̀.

Àwọn ńláńlá: ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé àti UNESCO

Èyí kò ní gùn. Ẹsìẹ́ ní Ìrẹ́pọ̀dùn ni ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, láti 1945, nítorí àwọn ère òkúta tí gbogbo ayé gbọ́ nípa wọn lẹ́yìn tí Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ìwé ìjọ CMS, ròyìn wọn ní 1933. Ìjọba àpapọ̀ ló ń tọ́jú ibẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, olè ti wọ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, wọ́n kó orí ère lọ. Tí ẹ bá ní ohun àtijọ́ nílùú yín, ẹ fi tó àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé létí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta. Òfin 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ, kò sì gba kí ẹni tí ìjọba kò yàn máa rà á. "Àjọ aláàánú" tó bá ní òun fẹ́ lọ tọ́jú ère yín sí ibi tó láàbò ní ìlú òyìnbó, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè.

Ní ti UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ lórí àṣà àfẹnusọ àti ìṣe ní 2005. Ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ wọ ìwé wọn ní 2023, Durbar Kánò, ayẹyẹ àwọn ẹlẹ́ṣin, ní 2024. Àwọn ará Ìlọrin tó ń gun ẹṣin lẹ́yìn Iléyá lè bínú pé ti Kánò ló wọlé, ìyẹn kù sọ́wọ́ wọn. Owó ìrànwọ́ tí ọ́fíìsì kékeré ìgbìmọ̀ wọn lè fọwọ́ sí lè tó 100,000 dọ́là, àmọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè ló ń béèrè rẹ̀, abúlé kò lè kọ lẹ́tà sí wọn tààrà. Fún ìlú kékeré, ẹ má fi ọdún mẹ́ta lé e kiri nígbà tí ẹbu kò tíì ní òrùlé.

Bí mo ṣe máa yàn án

| Ohun tí ẹ fẹ́ | Ẹni tí mo máa kọ́kọ́ lọ bá | Ohun tí mo máa ṣọ́ |
|---|---|---|
| Òrùlé, omi, ọ̀nà | Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pẹ̀lú ètò ìjọba | Ìjà oyè. Pátákó tó ju iṣẹ́ lọ |
| Owó òwú, igi, amọ̀ | Alájẹṣẹ́kù | Akápò tó dá owó mú |
| Ọjà ní Èkó tàbí òkè òkun | NGO | Iye tí wọ́n ń tà á, kì í ṣe iye tí wọ́n ń san fún yín nìkan |
| Ọmọ tó máa kọ́ṣẹ́ | Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe é dáadáa | Wo ìsàlẹ̀ |
| Ìwé àfáà, fọ́tò àtijọ́ | Yunifásítì | Ibi tí ojúlówó yóò sùn |

Ìlà kẹrin yẹn ló ń dùn mí. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nílò oúnjẹ fún ọdún tó fi ń kọ́ ọ, ìyá tó ń kọ́ ọ náà nílò owó nítorí pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń ba amọ̀ jẹ́. NGO díẹ̀ ló ń sanwó fún irú èyí, torí pé ó gùn, kò sì ní ọjọ́ ayẹyẹ. Tí ẹ bá rí èyí tó gbà láti san owó oṣù kékeré fún ọmọbìnrin mẹ́ta àti fún ìyá kan fún ọdún méjì gbáko, ẹ mú un, kódà bí owó rẹ̀ bá kéré sí ti ẹni tó fẹ́ kọ́ "ibùdó àṣà" alájà méjì fún yín. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà lè ṣe é. Owó aṣọ ẹbí ọjọ́ ìlú kan ṣoṣo tó o.

Lọ́jọ́ tí olùrànlọ́wọ́ bá kọ́kọ́ dé, kí ẹni mẹ́ta ó kéré tán tó ń gbé inú ìlú wà níbẹ̀, kí obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, kí ẹnì kan sì máa túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún un láìfo ohunkóhun. Kí òun náà wà lára àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí owó. Tí kò bá mọ̀ọ́kọ, báńkì ń gba ìtẹ̀ka. Kí wọ́n kọ sínú ìwé, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tí irinṣẹ́ yóò kù sí lọ́wọ́, ibi tí ẹ̀dà ohùn àti fọ́tò yóò wà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó tó kù tí ọ̀rọ̀ ààbò bá lé yín kúrò nílé kí iṣẹ́ tó parí. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í sábà sí nínú ìwé wọn, ẹ̀yin lẹ máa béèrè rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn á wo ìyẹn tó bá yá, ẹ fún wọn ní omi tútù mu, kí ẹ sì ní ẹ ò tíì ṣetán.